Kọ́kọ́rọ́ Ilé Oníìtì

Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ni Àmọ̀kẹ́ wà, ó ń fi òrí nu igbá fínfín kan kí ó lè máa dán lójú oníbàárà, nígbà tí Mátíù awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Mátíù ò tilẹ̀ tíì nu eruku ojú rẹ̀ tó fi ní ẹ kú ọjà o, Ìyá Ìyábọ̀, ìròyìn ń bẹ. Ó ní káńsù Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi wáyà yí Ilé Oníìtì ká. Wọ́n gbin òdòdó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Ọgbà ìgbafẹ́ ni gbogbo ibẹ̀ yóò dà, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa wá wo irú ilé tí baba ńlá wọn gbé.

Ẹlòmíràn ì bá yọ̀. Ilé baba baba Àmọ̀kẹ́ kúkú ni. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mátíù ní, "Àbúrò yín ni. Àǹtí Dorcas."

Àmọ̀kẹ́ gbé igbá náà kalẹ̀. Ó tún un gbé. Ó tún un gbé kalẹ̀. Obìnrin tó ń ná igbá náà lọ́wọ́ béèrè pé ṣé kò sí kinní kan. Ká sọ tòótọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun àti Dorcas, kò sí ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kì í fojú wọ̀n. Ọbàkan ni wọ́n, baba kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àmọ̀kẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, àmọ́ Dorcas ló pupa, Dorcas ló ga, Dorcas ni baba wọn rí owó iléèwé san fún. Àmọ̀kẹ́ gba gbogbo ìyẹn mọ́ra. Ohun kan ṣoṣo tí òun ní tí Dorcas ò ní ni Ilé Oníìtì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ilé náà ṣe débẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Oyèdèjì, baba baba wọn, agégi ni. Nígbà tí ogun lé e kúrò ní abúlé rẹ̀ lọ́nà Ìrẹsà, tó sá dé ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Odò ti gbẹ. Omi tí èèyàn máa mu gan-an ń wọ́n, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ omi tí wọn yóò fi po amọ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ sá dé ní àwọn yóò dúró de òjò kí àwọn tó mọlé. Oyèdèjì ní tòun ò ṣeé dúró, oyún inú aya òun ti wọ oṣù ìbí. Ó gbé àáké, ó wọ igbó, ó gé igi ayín, ó gé igi apá, ó gbẹ́ orí wọn kí ọ̀kan lè jókòó sínú èkejì, ó sì ń tò wọ́n lé ara wọn títí wọ́n fi ga ju èèyàn lọ. Ó wá fi koríko bẹẹrẹ bò ó lórí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní agégi ń kọ́ àká fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní ṣé iṣu ló fẹ́ bí ni. Nígbà tí òjò wá dé, tí àwọn ẹlẹ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ amọ̀, ọmọ Oyèdèjì ti ń rákòrò nínú ilé. Ìtì igi ló fi kọ́ ọ, Ilé Oníìtì náà ni wọ́n sì ń pè é.

Àkànkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ò fi ilé náà sílẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ kọ́ ilé amọ̀ sí ìsọdá, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó wá sùn nínú yàrá tuntun. Ó ní páànù ti pariwo jù bí òjò bá ń rọ̀, òun ò lè máa bá òjò du ọ̀rọ̀ sọ kí òun tó sùn. Nígbà tí ìyá Àmọ̀kẹ́ kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Ibẹ̀ ni Àmọ̀kẹ́ ti ká eyín, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá mú un relé ọkọ l'Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ ni kí ó dáná sí ààrò tó wà láàárín ilé. Bí kò tilẹ̀ sí ohun tí wọ́n fẹ́ sè, Ìyá Àgbà á ní kí ó dá a. Bí ọmọ bá kùn pé èéfín ń ta òun lójú, ìyá á ní:

"Ìwọ lo lójú, ilé ò lójú. Èéfín laṣọ tó wọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó rìn níhòòhò."

Dorcas ńkọ́? Abẹ́ páànù ni wọ́n bí i sí. Bó bá yọjú sí Ilé Oníìtì, á wúkọ́, á fi aṣọ bo imú, á sá jáde. Ìyá Àgbà a sì máa pè é ní àlejò ọ̀sán. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀ ni inú Àmọ̀kẹ́ máa ń dùn bí ẹni tí wọ́n bù lẹ́ran kún ti tẹ́lẹ̀.

Àlejò ọ̀sán yìí náà ni wọ́n wá kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

Àmọ̀kẹ́ ò lè jẹun nígbà tó délé. Akínpẹ̀lú, ọkọ rẹ̀, ń fín igbá lábẹ́ igi odán iwájú ilé, ó ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń lu ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni. Ó lè jókòó ti igbá kan láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí, kó má sọ ju kíkí tí wọ́n bá kí i lọ. Nígbà tó béèrè ohun tó dé, Àmọ̀kẹ́ ní kò sí nǹkan kan, òun kàn fẹ́ lọ kí ará ilé ni. Akínpẹ̀lú fẹ́ ìyẹ̀ igbá kúrò lórí ọ̀bẹ, ó ní kó bá òun kí Dorcas.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó wọ lọ́rì Mátíù. Ó sọ̀ ní Takie l'Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ọjà Igbó lọ. Bàtà tuntun ló wọ̀, gèlè tó máa ń wé lọ síbi òkú àwọn ọlọ́lá ló wé. Ọgbà náà dára, kò lè sẹ́ ẹ. Wọ́n fi òkúta funfun to ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọ iléèwé jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Dorcas wà lẹ́nu ọ̀nà Ilé Oníìtì. Ó wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ilémoṣú ni Dorcas, ó ti pẹ́ tó ti kó kúrò nílé ọkọ padà sílé baba. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, akọ̀wé káńsù, ní kí ẹbí mú ẹnìkan wá tí yóò máa bójú tó ibẹ̀, ẹni tó wà nílé ni wọ́n rí mú.

Dorcas kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. Kò sí àléébù lára ìkúnlẹ̀ yẹn, ó tilẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Àfi bí Àmọ̀kẹ́ ṣe gbẹ́sẹ̀ láti wọlé:

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ bọ́ bàtà. Gbogbo àlejò la máa ń ní kó bọ́ ọ."

Àlejò. Àmọ̀kẹ́ wo ojú Dorcas bóyá yóò rí ẹ̀rín níbẹ̀, kò rí i. Àwọn ọmọ iléèwé ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà.

Nínú ilé, ó dúró bí ẹni tó ṣi ojúlé wọ̀. Dorcas ti hú ààrò kúrò. Ó ti fi ọṣẹ àti kànìnkàn fọ gbogbo ìtì igi tí èéfín ti mú dúdú láti ayé Oyèdèjì, títí wọ́n fi pọ́n yòò bí ara ọmọ tuntun. Ó ti gbọn gbogbo dúdú ara koríko orúlé dànù. Ibi tí Ìyá Àgbà máa ń tẹ́ ẹní sí, òdòdó ló wà níbẹ̀ nínú ife. Ilé mọ́, ilé ń ta sánsán. Dorcas ní akọ̀wé alára wá, ó ní òun ò mọ̀ pé igi tó dára báyìí ló wà lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn, wọ́n sì ya òun ní fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn, fọ́tò náà wà lára ògiri káńsù báyìí, ẹ̀gbọ́n òun lè yà wò ó bí ó bá ń lọ.

Àmọ̀kẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀. Igi tí èéfín ò bá dé ara rẹ̀ mọ́, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Koríko tí kò bá gbóná lábẹ́, òjò á mú un jẹrà. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè. Ìgbà yẹn gan-an ni Dorcas fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, tó ní:

"Ìyá Àgbà ì bá rí i báyìí. Àwọn tó fi ń yangàn ti lọ gbélé ọkọ. Ẹni tó wà nílé lọmọ ilé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àǹtí mi?"

Àmọ̀kẹ́ pa ẹnu dé. Ó fi ìka kan ìtì igi tó sún mọ́ ọn.

"Ó mọ́," ló wí. "O kú iṣẹ́."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó padà s'Ọ̀yọ́.

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, Àmọ̀kẹ́ ń ta igbá, àmọ́ ojú ọ̀nà ló ń wò. Bí Mátíù bá ti já ẹrù tán, á pè é sí ìsọ̀, á fún un lómi, á ní báwo ni ará ilé, báwo ni ọjà, báwo ni ọgbà. Ọgbà yìí ló máa ń gbẹ̀yìn, bíi pé kò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí Mátíù kọ́kọ́ sọ pé ìyẹ̀ funfun kan ń dà sílẹ̀ láti ara igi, tí Dorcas ń gbá a láàárọ̀ tó tún máa ń kún ilẹ̀ kó tó dìrọ̀lẹ́, Àmọ̀kẹ́ fún un ní igbá kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó sọ pé orúlé ti ń jò, pé wọ́n ti gbé òdòdó kúrò, ó fún un ní èyí tó tóbi jù ú. Ó ń rìn bí ọmọge l'Akẹ̀sán. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní ṣé Ìyábọ̀ ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ ní àbúrò tuntun ni.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan Mátíù wá, kò dúró de omi. Ó ní ògiri ẹ̀yìn ti yọ ikùn síta. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ti sọ pé ilé náà lè wó pa ọmọ ọlọ́mọ, káńsù yóò wó o kí òjò tó padà dé. Wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ibi ìjókòó síbẹ̀, wọ́n á fi páànù bò ó, wọ́n á gé ìtì igi wọ̀nyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ fi dáná. Dorcas ò sì yọjú sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Wọ́n ti ń fi kọrin fún un ní Ọjà Igbó, wọ́n ní kò rí ilé ọkọ mú, kò tún rí ilé baba mú.

Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé àárín ọ̀nà, ó dúró.

Ìròyìn náà ń bá a rìn délé. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ilé á dúró, Dorcas á sì máa gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn lọ. Bí òun ò bá sọ̀rọ̀, Dorcas á tẹ́, igi tí Oyèdèjì gé á sì di ohun tí wọ́n fi ń se ìrẹsì jẹ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí ibi tó ti dùn. Níkẹyìn ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ odán, ó kó gbogbo rẹ̀ sọ fún un, títí kan ti bàtà, títí kan "o kú iṣẹ́" tó sọ. Akínpẹ̀lú fín igbá rẹ̀ títí ó fi parí ìlà ọnà kan.

"Bí ilé bá wó," ló wí, "kí lẹ ó wá jọ máa dù?"

Ó wá ṣe Àmọ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Kò tíì ronú débẹ̀ rí. Kí ayé má sí Ilé Oníìtì mọ́, kí òun àti Dorcas kàn jẹ́ obìnrin méjì tó ń darúgbó, kí Dorcas ó tún fi pupa àti gíga àti iléèwé ju òun lọ láìsí ohun tí òun náà lè fi jù ú lọ? Ó tún bá lọ́rì lọ.

Ìgbà tó dé ọgbà, Bàbá Ọlọ́runṣògo, àbúrò baba wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, ti wà níbẹ̀ lórí àpótí. Akọ̀wé káńsù dúró, àwọn òṣìṣẹ́ méjì gbé àáké dání. Dorcas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, kò wọ aṣọ funfun. Àmọ̀kẹ́ kí gbogbo wọn tán, ó wá sọ pé ilé ò nílò àáké, iná ló nílò. Ó ní kí wọ́n yọ ìtì tó ti jẹrà, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n dá ààrò padà sáàárín ilé, kí wọ́n sì máa dáná lójoojúmọ́, èéfín ló ń lé kòkòrò.

Akọ̀wé ní iná, nínú ilé koríko? Ó ní òfin àkọ́kọ́ tí òun kọ sára pátákó nìyẹn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣáná níbẹ̀. Bàbá Ọlọ́runṣògo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

"Adéníyì ọmọ mi, má dá ara rẹ lẹ́bi. Inú ilé yìí ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sí, inú ẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí, èmi gan-an gbàgbé. Abẹ́ páànù ti fọ̀ wá lọ́pọlọ mọ́."

Akọ̀wé ronú. Ó ní ó dáa, wọ́n lè dán an wò títí òjò yóò fi dé, bí wọ́n bá gbé omi sítòsí, tí ẹnìkan sì jókòó ti iná náà títí yóò fi kú. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ àáké kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni Dorcas dìde nílẹ̀.

"Àǹtí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bọ́ bàtà yẹn, ẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

"Ẹ sì ní mo kú iṣẹ́."

"Mo ní o kú iṣẹ́."

Dorcas wò ó láti gèlè dé bàtà. Gbogbo èèyàn rò pé yóò figbe ta ni. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Ká ní èmi ni, èmi náà ò ní sọ."

Bàbá Ọlọ́runṣògo ní kò tún sí ẹni tó máa bi òun mọ́ bóyá baba kan náà ló bí wọn.

Ìjà wá kù síbi ta ni yóò máa dáná. Dorcas ní òun ni, òun ló wà nílé. Àmọ̀kẹ́ ní ẹni tí èéfín ń lé jáde látọmọdé, ṣé ikọ́ ni yóò fi koná? Dorcas ní ẹni tó wà l'Ọ̀yọ́, ṣé ẹnu ni yóò fi fẹ́ ẹ láti ọ̀hún? Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi di ti pupa àti dúdú, ó di ti ìyá ta ni baba wọn fẹ́ràn jù, kí Bàbá tó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́rùn Dorcas, iná ojoojúmọ́ náà tirẹ̀ ni. Àmọ́ bó bá ti di ọjọ́ ọjà, Àmọ̀kẹ́ ló ni ààrò. Dorcas gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì gbọdọ̀ ní kó bọ́ bàtà.

Wọ́n lọ gé igi ayín lọ́nà Ìrẹsà, wọ́n fi í dí ẹ̀yìn ilé, wọ́n tún orúlé bò. Bó ṣe di pé àwọn awakọ̀ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ Àmọ̀kẹ́ dunjú nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá, ó ń gbé igi ìdáná láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bíi pé igi tán ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mátíù ní òun ò tíì rí ẹni tó ń gbé iyọ̀ lọ bá òkun rí. Bó bá dé, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó ti ọwọ́ bọ eérú, kó mọ̀ bóyá iná àná kú kíá. Bó bá kú kíá, á pòṣé kí Dorcas lè gbọ́. Á to òkúta ààrò bó ṣe fẹ́. Bó bá ti wọ lọ́rì, Dorcas á tún un tò. Dorcas ò sá fún èéfín mọ́. Ó kọ́ ọ bí ẹni kọ́ iṣẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, kò kúrò nídìí ààrò, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ tó máa fọwọ́ kan eérú. Ìtì igi tún ń dúdú padà, ìyẹ̀ ò dà mọ́. Òjò dé, òjò lọ, akọ̀wé ò tún dárúkọ àáké. Bí àlejò bá béèrè ta ló ń tọ́jú ilé náà, àwọn méjèèjì ló máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Báyìí ló ṣe ń lọ fún ọdún mélòó kan. Lọ́dún tí ọyẹ́ mú jù, ibà dá Àmọ̀kẹ́ dùbúlẹ̀. Ó pàdánù ọjọ́ ọjà kan, ó pàdánù òmíràn. Ìyábọ̀ ọmọ rẹ̀ ń po ẹ̀kọ fún un, kò lè gbé e mì. Nígbà tí Mátíù yà kí i, ó gbórí sókè lórí ẹní, ó ní kó sọ fún Dorcas pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí iná ọjọ́ ọjà kú, òun bẹ̀ ẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, kò bẹ Dorcas ní nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Mátíù lọ, ó dé padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

"Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, àwọn ti dáná ọjọ́ ọjà, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ pé tiwọn ń rú dáadáa ju tiyín lọ. Wọ́n ní kí ẹ kúkú sinmi s'Ọ̀yọ́."

Akínpẹ̀lú wọlé, ó bá Àmọ̀kẹ́ tó ti jókòó sórí ẹní, tó ń fi ọwọ́ wá gèlè.

"Ìyábọ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí, "bu ẹ̀kọ yẹn wá. Mátíù, ìgbà wo ni lọ́rì ń lọ?"